Ìjàpá Onírin Tí Bàbá Àgbà Rí: Ìrìnàjò Wa sí Bovington

Àárọ̀ Sátidé kan ní oṣù Kẹwàá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú irin ní Waterloo ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí a dorí kọ Wool, ìlú kékeré kan ní agbègbè Dorset, nítorí àtirí ohun kan ṣoṣo. Bàbá wa àgbà jẹ́ sójà nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wà lára àwọn tí ó wọ Mogadishu ní oṣù Kejì ọdún 1941, tí wọ́n sì gba Jijiga kọjá dé Harar ní Etiópíà. Bàbá kì í sọ ìtàn ogun púpọ̀ fún ọmọdé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni ti àwọn ọkọ̀ ìjà kéékèèké tí àwọn ará Ítálì fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn kan nínú wọn dà bí ìjàpá tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Wọ́n ní bí sójà méjì bá wọ inú rẹ̀, èjìká wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbún ara wọn.

Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni àwọn ará Ítálì ti rí àwòṣe ọkọ̀ náà, pé Carden Loyd ni orúkọ ìyá tí ó bí i, àti pé Carden Loyd kan ṣì wà ní Tank Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn táǹkì ogun tí ó wà ní Bovington. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò yẹ kí a máa gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù láti ọdún mọ́kànlá kí a má lọ wò ó. Wọ́n ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà rélùwéè kò ní ìtàn nínú. Ó lé ní wákàtí méjì, a sùn, a jí, a jẹ móínmóín tí a gbé dání, a sì dé.

Ibùdókọ̀ Wool ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà jẹ́ nǹkan bíi máìlì 2, inú wa sì dùn nígbà tí a rí takisí kan ṣoṣo tí ó dúró síta. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè iye tí yóò gbà kí a tó wọlé, nítorí Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà, kò sì sí ọmọ Ìbàdàn tí yóò wọ takisí láìná owó rẹ̀. Awakọ̀ náà ní kí a wọlé ná, pé ibẹ̀ kò jìnnà, pé owó náà kò tó nǹkan. A gbà á gbọ́. Kò tan ẹ̀rọ tí ń ka owó, kò sì bá wa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó gbà wá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní pọ́n-ùn 25.

Mo rò pé etí mi ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní kí ó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ó ní Sátidé ni, ó ní òfìfo ni òun yóò bá padà, ó ní bí a bá mọ̀ pé a kò ní san án, kí a má ti wọlé rárá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni ó dùn mí jù, nítorí àwa béèrè, òun ni kò fẹ́ dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, wọ́n wo ojú awakọ̀ náà, wọ́n sì mú owó jáde láìsọ nǹkan kan. Mo mọ̀ wọ́n: bí wọ́n bá dákẹ́ báyẹn, inú ń bí wọn ju ẹni tí ń pariwo lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ rí i pé awakọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí yóò gbà kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí ó bá ní kí ẹ wọlé ná, ẹ máa fi ẹsẹ̀ yín rìn. Bí àwa ṣe padà ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, kò sì gbà wá ju ogójì ìṣẹ́jú lọ.

Ìbínú yẹn ni mo gbé wọlé, kò sì jẹ́ kí n rí nǹkan kan dáadáa fún ìgbà díẹ̀. A kọjá lára Little Willie, táǹkì tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1915. A kọjá lára Tiger 131 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní Tùníṣíà ní ọdún 1943, níbi tí èrò pọ̀ sí. Ọ̀kan ṣáájú ìgbà tí a wá wò, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àárín ogun àgbáyé méjèèjì, láti ọdún 1918 sí 1939, ni tiwa.

A1E1 Independent, táǹkì ńlá kan, ni ó lé ìbínú náà kúrò lọ́kàn mi. Vickers, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe ohun ìjà, ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1926, ẹyọ kan péré ni wọ́n sì kọ́. Òun náà gan-an ni ó dúró níwájú wa. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 30 lọ, ènìyàn 8 ni ó ń wọ inú rẹ̀, orí 5, ìyẹn ilé ìbọn tí ń yí lókè rẹ̀, ni ó sì ní, ńlá kan ní àárín tí ó gbé àgbá, àti kéékèèké mẹ́rin tí ó yí i ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìbọn arọ̀jò-ọta tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí i po. Ó rẹwà, ó ga, ó gùn, bí ẹni kan bá sì sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé òun ni ohun ìjà tí ó lágbára jù lọ láyé ìgbà náà, ǹ bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò jagun rí. Owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì pa á tì. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́ T-35 tiwọn, olórí márùn-ún bíi tirẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà ní ọdún 1941 láìjẹ́ pé ọ̀tá yìn wọ́n níbọn.

Bàbá arúgbó kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣàlàyé fún àwọn àlejò ni ó sún mọ́ wa níbẹ̀. Bí ẹ bá rí irú wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọjá lára yín, nítorí ìdajì owó ìwọlé yín wà lẹ́nu wọn. Bàbá náà ní kí a má wo títóbi. Ó sọ fún wa nípa táǹkì tọ́ọ̀nù 6 tí Vickers yìí kan náà ṣe ní ọdún 1928, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò rà, tí Sófíẹ́ẹ̀tì sì ra àṣẹ àtiṣe é, tí wọ́n sọ ọ́ di T-26, tí wọ́n sì ṣe ju 10,000 lọ nínú rẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé Sípéènì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1936, T-26 pẹ̀lú àgbá rẹ̀ oní mìlímítà 45 ń lu ọkọ̀ ìjà àwọn ará Ítálì jálẹ̀ láti òkèèrè, nígbà tí àwọn yẹn kò ní ju ìbọn arọ̀jò-ọta lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé níbo ni Carden Loyd wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú wa lọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lára rẹ̀. Gíga rẹ̀ kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, gígùn rẹ̀ kò tó mítà méjì ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Ẹni méjì ni ó ń jókòó sínú rẹ̀, ọ̀kan ń wa ọkọ̀, èkejì dì mọ́ ìbọn. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ láti fi wọn ìbú rẹ̀, wọ́n sì ní, “Èjìká méjì. Bàbá kò parọ́.” Omi lé ròrò sí wọn lójú, èmi náà kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nítorí pé owó rẹ̀ kéré ni ó ṣe tàn kálẹ̀. Poland, Sófíẹ́ẹ̀tì àti Ítálì ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́, tí Ítálì sì sọ tirẹ̀ di CV-33, èyí tí wọ́n kó wọ Etiópíà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1935. Ìbọn rẹ̀ kọjú síwájú, kò sì lè yí sẹ́yìn. Àwọn jagunjagun Ras Imru, ọ̀gágun Etiópíà kan, kò pẹ́ rí àléébù yẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ní ọ̀nà òkè Dembeguina, wọ́n gba ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ yọ sí àwọn ọkọ̀ náà, wọ́n sì borí wọn. Ohun tí ó wu mí láti sọ fún gbogbo ẹni tí ó gbà pé ilẹ̀ adúláwọ̀ kàn ń sá fún irin ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró tì í, wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró.

Ohun tí wọn kò lè dá dúró ni èyí tí ó ti òkè wá. Láti oṣù Kejìlá yẹn kan náà ni bàálù Ítálì ti ń da gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní mọ́sítádì lé àwọn jagunjagun lórí, lé abúlé, lé omi àti pápá ẹran ọ̀sìn. Gáàsì yìí máa ń bó ara bí omi gbígbóná, kì í sì í tètè kúrò nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun Etiópíà kò sì wọ bàtà. Ítálì ti fọwọ́ sí àdéhùn Geneva ti ọdún 1925 tí ó kà á léèwọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1936, Ọba Haile Selassie dúró níwájú Ìgbìmọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè (League of Nations) ní Geneva, ó ro ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n Addis Ababa ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láti oṣù Karùn-ún. Àwọn ará Èkó ti ṣe ìpàdé láti fi ẹ̀dùn ọkàn hàn sí Etiópíà ní ọdún 1935, bẹ́ẹ̀ náà sì ni WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1925.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe irú rẹ̀ ní Sòmálíà, bí kò tilẹ̀ ní gáàsì nínú. Ó tó ogún ọdún tí wọ́n fi bá Mohammed Abdullah Hassan, olórí àwọn ará Sòmálíà tí ó kọ ìjọba wọn, jà láìborí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1920, wọ́n gbé bàálù DH.9 méjìlá lọ, wọ́n ju àdó olóró sí àgọ́ àti odi rẹ̀, àwọn sójà orí ilẹ̀ tẹ̀ lé e, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ogun náà parí. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé èwo ni ohun ìjà tí ó ṣiṣẹ́ jù lọ láàárín ogun méjèèjì, bàálù ni èmi yóò dárúkọ, nítorí ní Áfíríkà ìgbà náà, ẹni tí wọ́n fi kọlù kò ní ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Táǹkì ni ojú wa ń tètè rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n táǹkì olórí márùn-ún yẹn kò pa ẹnì kan.

A jáde ní nǹkan bí aago mẹ́rin, a sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sí Wool. Takisí ọjọ́ náà kọjá lára wa lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ń fi àwòrán tí a yà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ní Ìbàdàn. Màmá náà pè wá padà kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Wọ́n béèrè bóyá ibi tí ènìyàn ń jókòó sí há gan-an, mo ní ó há. Wọ́n ní kí n tẹ àwòrán náà sórí bébà dáadáa, kí ó tóbi, pé àwọn yóò gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Bàbá ní pálọ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ń lọ sílé ní oṣù tí ó ń bọ̀ ni yóò bá wa mú un lọ.