Àlùbọ́sà Ló Kó Bá Mi ní Gbági

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn àbúrò ìyàwó mi kí wọ́n má fi fọ́tò àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí mi mọ́. Àárọ̀ yìí, aago márùn-ún ìdájí, fóònù dún, mo rò pé ẹnì kan ti kú ni, mo sáré gbé e, àlùbọ́sà ni. Àlùbọ́sà kan ṣoṣo lórí tábìlì. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́, irú àwọ̀ wo lèyí?"

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí kan ló fà á, wọ́n gbowó tán, aṣọ ò kárí. Mi ò ní sọ ìyókù ìtàn ẹ̀, ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣáà di pé kí kálukú lọ wá tiẹ̀ rà, ìyàwó mi ò ráyè, ló bá rán mi. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, léèsì ni o, yáàdì márùn-ún, àwọ̀ àlùbọ́sà. Mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín. Ẹ ṣáà fi hàn wọ́n. Ẹ má rò ó." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà, "Ẹ má rò ó o." Obìnrin yẹn mọ̀ mí.

Gbági Tuntun n'Ìbàdàn ni mo lọ, ti ọ̀nà Ifẹ̀, kì í ṣe ti Dùgbẹ̀. Bọ́lá Ìgè International Market ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmọ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ dúró ní Ìwó Road kẹ́ ẹ sọ fún onímáíkírà pé Bọ́lá Ìgè International Market lẹ̀ ń lọ, á wò yín bíi pé báàlù lẹ wá wọ̀. Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí mo fi dọ́jà, ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ gọ̀, torí ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ṣe máa ń rí: tó o bá rà, wọ́n á fi owó ẹ nu gbogbo ọjà tó wà níbẹ̀, wọ́n á máa ṣàdúrà fún ẹ, tó ò bá rà, ìwọ lo ba ọjà wọn jẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kódà tí òjò bá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ náà ni.

Ọmọbìnrin kan ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, ó ń jẹ síngọ́ọ̀mù bíi pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí nìyẹn, ó torí bọ fóònù. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbójú sókè, ó wò mí látorí dórí sìlípáàsì, sìlípáàsì ló sì wò pẹ́ jù.

"Ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ kàn ń bèèrè?"

Èmi! Èmi tí mo ti ń nájà látìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá ẹ̀! (Irọ́ ni. Ìyàwó mi ló ń nájà, ẹ̀yìn lèmi máa ń dúró sí tí mò ń di báàgì mú.) Mo ní kó na léèsì kan sílẹ̀ kí n wò ó. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá tú u, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi ká a?" Ẹ gbọ́ mi o, aláṣọ tí kò fẹ́ kójú ó kan aṣọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ kíká yẹn ṣá, mò ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Mo bá na fóònù sí i. Ó wo fóònù, ó wò mí, ó tún wo fóònù. Ó fa léèsì kan yọ, àwọ̀ ẹ̀ rí bí ètè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu sóbò, ó jù ú sórí káńtà. "Òun nìyí." Mo ní òun kọ́. Èyí tó wà lórí fóònù tèmi pupa rúsúrúsú, bí èèpo àlùbọ́sà gan-an. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, fóònù yín ló pọ́n. Ẹ wò ó, ibi tó yẹ kó funfun gan-an pọ́n."

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀. Ọmọ yìí ti sọ òótọ́ fún mi. Ọ̀fẹ́ ló sọ ọ́. Ká ní mo létí ni, ìtàn ti parí, mo ti wà nílé láago mẹ́wàá, mò ń jẹ ẹ̀bà. Àmọ́ ohun tí mo gbọ́ ni pé fóònù mi ò dáa, pé tálákà ni mí, pé sìlípáàsì mi ni wọ́n fi ń bú mi. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ìwọ, ṣé o mọ àlùbọ́sà?"

Èmi àgbàlagbà, bàbá ọmọ méjì, mo dúró láàárín Gbági mò ń bi ọmọ ọlọ́mọ bóyá ó mọ àlùbọ́sà.

Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ó dáa. Mo yọ ₦500, mo rán ọmọkùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá kó bá mi ra àlùbọ́sà kan wá. Nígbà tó máa padà dé, òun àti Máláàmù tó tà á ni wọ́n jọ dé, torí Máláàmù ò ní ṣénjì, kò sì fẹ́ kí owó kúrò lójú òun. Kí n tó mọ̀, a ti di ìpàdé: ìyá tó ń ta gèlè lápá ọ̀tún ti gbé àga wá, bàbá kan tó wá ra àtíkù yáàdì mẹ́rin fún ara ẹ̀ ti sún mọ́ wa, ó ní ẹjọ́ kí ni. Mo gbé àlùbọ́sà lé orí léèsì rúsúrúsú kan tí mo yàn nínú ọjà ọmọ yẹn, ẹ wá wo bó ṣe bára mu! Mo ní, "Ẹ ríyẹn?" Máláàmù ní rárá o, èèpo gbígbẹ nìyẹn, níbi tí wọ́n ti bí òun ní Sókótó ẹnikẹ́ni ò ka èèpo mọ́ àlùbọ́sà. Ó bó o. Abẹ́ ẹ̀ pọ́n bíi sóbò. Ọmọbìnrin yẹn ní, "Ẹ ríyẹn?" Bàbá alátíkù ní ká má ti dájọ́, ká wo inú ẹ̀ ná, ó mú sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó là á sí méjì. Inú ẹ̀ funfun gbòò. Bàbá ní, "Funfun ni. Ẹ lọ ra funfun." Àlùbọ́sà kan, àwọ̀ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó jàre.

Ojú gbogbo wa ti wá ń ta. Omi ń dà lójú mi, ó ń dà lójú ọmọbìnrin yẹn, ìyá onígèlè ti ń fi etí ìró nujú. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó rí èèyàn márùn-ún tó yí léèsì ká tí wọ́n ń sunkún, ó dúró, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tù yín nínú." Bàbá alátíkù ní, "Àmín."

Ó yẹ kí n máa lọ sílé. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Èmi ní kó gé rúsúrúsú fún mi. Ọmọ yẹn ní, "Bọ̀ọ̀dá, aṣọ tá a bá ti gé, a kì í gbà á padà o." Mo ní gé e! Ó ní ₦52,000. Mo ní ₦20,000. Ó pòṣé kan, pòṣé yẹn gùn tó láti ibẹ̀ dé Àsẹ́jirẹ́, ó ní kí n lọ ra ańkárá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fà á títí mo fi gbà ní ₦45,000, mo tún ń rẹ́rìn-ín bíi pé mo ti jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. ₦35,000 nìyàwó mi ní kí n má kọjá.

Mo ṣe tíránsífáà. Láti ìgbà ọ̀wọ́n náírà ọdún 2023 yẹn lèmi ò ti kówó lọ́wọ́ lọ sọ́jà mọ́. Báńkì ti yọ owó lọ́dọ̀ mi, aláàtì ò dé ọ̀dọ̀ wọn, owó ń fò kiri lófurufú. Ọmọ yẹn ní òun ò lè jẹ́ kí n lọ, ẹnì kan ti fi aláàtì òfìfo lu àwọn ní jìbìtì rí. Ó fẹsẹ̀ ti àpótí kékeré kan sí mi. "Ẹ jókòó."

Ẹ wò ó, ibẹ̀ yẹn ni mo ti dárí ji ọmọ yẹn pátápátá, ìjà mi gan-an, báńkì ni. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà èdè tí mo bá fẹ́, mo tẹ ti Yorùbá, torí inú kì í bí mi dáadáa lédè òyìnbó. Wọ́n fi orin sí i. Orin kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún, mo ti mọ ibi tí fèrè ti ń wọlé. Ẹnì kan wá gbé e níkẹyìn, òyìnbó ló ń sọ, ó sì ń pè mí ní "ma". Ó ní kí n ní sùúrù fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mo ní, "Ṣé lórí àpótí yìí?" Ó ní ṣé nǹkan mìíràn tún wà tóun lè bá mi ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n fi téẹ̀sì ránṣẹ́ pé kí n fún wọn ní máàkì láti 1 dé 5. Mo wá òdo, kò sí níbẹ̀.

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo lò lórí àpótí yẹn. Ọjà wá ń ya, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń tú aṣọ, wọ́n ń lọ. Mi ò mọ ìgbà tọ́wọ́ mi na mú ọ̀kan. Mo ká a. Mo tún mú òmíràn. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, mo ti ká léèsì mẹ́fà, ọmọ yẹn ń wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó ń jẹ síngọ́ọ̀mù ẹ̀. Ibi tó ti bà jẹ́ jù ni ti màmá kan tó wọlé, tó ń tú tibí, tó ń tú tọ̀hún, gbogbo èyí tí mo ká ló ń tú, ló bá bi mí pé èló nìyí. Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti wá, mo kàn gbọ́ ohùn ara mi ni: "Mà, ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ kàn ń bèèrè?"

Ọmọbìnrin yẹn rẹ́rìn-ín débi pé síngọ́ọ̀mù já bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Màmá náà bínú jáde.

Ó wá ránṣẹ́ ra àkàrà, ó fún mi ní mẹ́rin, ó gbóná fẹlifẹli. Mo jẹ ẹ́ tán kó tó sọ fún mi pé òun ti fún ìyá alákàrà ní àlùbọ́sà yẹn, kó má baà ṣòfò. Ẹ̀rí tó yẹ kí n gbé délé fi dá ara mi láre, mo ti jẹ ẹ́. Aláàtì dún bí mo ṣe ń nuwọ́.

Ìyàwó mi ò pariwo nígbà tó tú ọ̀rá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí lèyí?" Mo na fóònù sí i bí ẹni na ìwé ẹ̀rí, mo ní kó wò ó fúnra ẹ̀. Ó gbé fóònù tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Aṣọ kan náà, tiẹ̀ bíi sóbò, tèmi bí ìrùngbọ̀n àgbàdo. Mo ní Kẹ́hìndé ló ti fọwọ́ kan fóònù mi. Táíwò tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, tẹ́nikẹ́ni ò bi léèrè, ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ tan nǹkan pupa yẹn, ẹ ní kò ní jẹ́ kójú máa dùn yín lálẹ́."

Oṣù mẹ́jọ. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo ti ń wo fóònù bí ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe. Mo wá rántí pé mo bá ọ̀rẹ́ mi kan jà lórí fọ́tò mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ní funfun ni, mo ní kó má purọ́ fún mi.

Kọ́tìnì ni wọ́n máa fi léèsì rúsúrúsú yẹn rán, wọ́n ti wọn fèrèsé, mi ò sí níbi ìpàdé ẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, mo padà sí Gbági. Owó wà lápò mi lọ́tẹ̀ yìí, bàtà tó ní okùn sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ti ronú gbogbo ohun tí mo máa sọ lójú ọ̀nà, àmọ́ ọmọ yẹn ò jẹ́ kí n lanu, ó na ọwọ́ sábẹ́ káńtà, ó gbé ọ̀rá dúdú kan jáde, sóbò yáàdì márùn-ún, ó ti gé e látọjọ́ yẹn, ó ti ká a. "Bọ̀ọ̀dá Àlùbọ́sà, ₦35,000, mi ò gbọ́ ìná o." Mi ò ná an. Mo ka owó lé e lọ́wọ́, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn náà, ló bá fi owó yẹn nu àwọn léèsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàdúrà, orúkọ mi ò sí nínú àdúrà náà ṣá.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo rántí pé ọkùnrin lèmi náà, mo ní, "Ẹ ò tiẹ̀ ní fún èèyàn lénì?"

Ó ní òun ti fi sínú ọ̀rá. Mo tú u wò. Àlùbọ́sà kan, wọ́n ti bó èèpo ẹ̀.