Mo gbé fọ́ọ̀mù òyìnbó lọ s'Ítòkú

Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé l'Ábẹ́òkúta, ìbéèrè kan náà ni: ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò tíì pa ẹ́ tán? Òtútù wà jàre, owó ilé náà ń bẹ ńbẹ̀, físà sì tún ní wákàtí 20 péré ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ò tó ohun tójú mi rí lórí sosiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ èèyàn, tí mo lọ kà, kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀ ni mo ń sọ o, fọ́ọ̀mù ni.

L'Ẹ́ńgílándì, tó o bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò fún iṣẹ́ àṣekágbá ẹ, kódà kó jẹ́ ìyá tó bí ẹ, ìgbìmọ̀ kan ní yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà á buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé ẹnìkankan ò fipá mú òun, ìwọ náà á sì yí orúkọ ẹ̀ padà. Mi ò ní wọn ò gbọ́n o. Ìkà táwọn oníwàádìí ṣe sẹ́yìn ló bí òfin yẹn, ẹ ṣáà wo Tuskegee l'Amẹ́ríkà, láti 1932 dé 1972 ni ìjọba fi ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní rẹ́kórẹ́kó níran, wọn ò tọ́jú wọn.

Àwọn ìyá aládìrẹ ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí, bí ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ṣe ń ba ọjà wọn jẹ́. Mo dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, mo kúnlẹ̀ kí màmá kan, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ra ẹ̀kọ àti àkàrà fún mi, ọ̀rọ̀ ń dùn bọ̀. Bí mo ṣe yọ bébà báyìí, ojú màmá yí padà.

"Kí nìyẹn? Owó orí ni?"

Mo ní rárá mà, kẹ́ ẹ kàn buwọ́ lù ú pé ẹ gbà kí n bá yín sọ̀rọ̀ ni.

"Kí la ti wá ń ṣe láti àárọ̀?"

Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Ìlú tí owó orí obìnrin ti dá wàhálà 1947 sílẹ̀, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn ìyá ọjà sòdí títí Aláké Adémọ́lá fi fi orí oyè sílẹ̀ ní January 1949, ibẹ̀ lèmi gbé bébà ìbuwọ́lù wọ̀!

Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí mo ní mi ò ní dárúkọ wọn, inú wá bí wọn gidi. Ṣé olè làwọn ni? Tí òyìnbó bá kà á, ṣọ́ọ̀bù ta ló máa wá? Wọ́n fà mí dé iwájú páálí tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sí, wọ́n ní kí n dà á kọ bó ṣe wà yẹn.

Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí lẹ́kitọ́rà mi, ó ní tí wọ́n bá fẹnu sọ ọ́ sórí ẹ̀rọ pé wọ́n gbà, ó ti tó. Orúkọ nìkan ni ìgbìmọ̀ kọ̀ jálẹ̀, ibẹ̀ lèmi ò sì ti gbà fún wọn títí dòní. Ẹni tó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ àrà sórí aṣọ fúnra ẹ̀, tó fẹ́ kí ayé mọ òun, tẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di "obìnrin kẹta", ta lẹ ń dáàbò bò gan-an?

Sha, màmá kó káàdì wọn fún mi kí n tó padà, mo sì pín in fáwọn tá a jọ wà ní kíláàsì. Ẹnì kan ti béèrè iye yáàdì kan lórí WhatsApp.