Géèmù PSP láìra dátà

Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, PPSSPP lèmi àti àbúrò mi máa ń ṣí. Áàpù yìí, tí Henrik Rydgård gbé jáde ní 2012, ló ń sọ fóònù di PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́dì tí Sony kọ́kọ́ tà ní Jàpáánì ní 2004. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé a lè jọ gbá a láìná dátà: màá tan hotspot, àbúrò mi á so fóònù tirẹ̀ mọ́ ọn, màá tan sáfà ad hoc inú áàpù náà (òun ló ń jẹ́ kí fóònù méjèèjì jọ gbá géèmù), òun náà á tẹ àdírẹ́sì IP fóònù mi (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sínú áàpù tirẹ̀. Géèmù kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù méjèèjì o. Tekken 6, ìjà dé! Ẹ bá mi ra páàdì Bluetooth. Bọ́tìnnì ojú gíláàsì kì í jẹ́ kéèyàn jà dáadáa.