Ọ̀dọ̀ Ìyá Ni Kí Ẹ Ti Béèrè: Ẹ̀kọ́ Tí Ojú Ọmọ Mi Kọ́ Mi

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ra awò ojú fún ọmọ mi ọkùnrin, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n tó mọ̀ pé kò sí awò tó lè tún ohun tó ń ṣe é ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, àti pé inú ìwé ọmọ tó jókòó tì í ló ti ń da iṣẹ́ kọ, kì í ṣe láti ara pátákó. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, ó sì ń fi ìgbátí kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Mo gba olùkọ́ náà gbọ́, ojú ṣì ń tì mí títí di òní.

Dókítà tó wá rí ìdí ọ̀rọ̀ náà bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé oríṣiríṣi dígí sí ojú ọmọ náà láìsí ìyàtọ̀, ó kọjú sí mi, ó ní: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin tí kò ríran dáadáa láti kékeré?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àyà mi sì já.

Orúkọ àìsàn náà ni X-linked retinoschisis. Awọ tín-ínrín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, tí wọ́n ń pè ní rẹ́tínà, ló máa ń là sí ìpele-ìpele, nítorí pé jíìnì RS1, ìyẹn ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún láti ọ̀dọ̀ òbí, tí àwọn onímọ̀ ṣàwárí ní 1997, kò pèsè èròjà tó yẹ kó so àwọn ìpele náà pọ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n fi àwòrán tí ẹ̀rọ OCT, tó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ya ìpele rẹ́tínà, yà hàn mí: ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa búrẹ́dì ya, tí okùn wẹ́wẹ́ ṣì di apá méjèèjì mú.

Àwa tí a ti mọ AA, AS àti SS sórí máa ń rò pé dandan ni kí àìsàn ìdílé ti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá pàdé. Ti eléyìí yàtọ̀. Orí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tíntìntín tó ń gbé jíìnì nínú ara, ni jíìnì náà wà. Obìnrin ní X méjì, èyí tó dára a máa bo àṣírí èkejì, ìdí nìyẹn tí mo fi lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lábẹ́ iná àtùpà. Ọkùnrin ní ẹyọ kan péré, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ti rí i. Ọmọkùnrin tí irú mi bá bí lè ní in, ó sì lè má ní in, bí ẹni ta owó ẹyọ sókè. Ọmọbìnrin náà lè gbé e bí èmi ṣe gbé e. Bí ọmọ mi bá bímọ lọ́la, kò ní fi lé ọmọkùnrin rẹ̀ kankan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé e. Ìyá ọkọ mi ní kò sí irú rẹ̀ ní ìdílé àwọn rí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ka ìwé mẹ́fà tán. Bọ́ọ̀lù gbá a lójú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀jẹ̀ dà sínú ẹyinjú náà, kò sì fi ríran mọ́. Iṣẹ́ fọganáísà ló ń ṣe báyìí. Etí àti ìka ló fi ń wá ibi tí táyà ti lu. Nígbà náà, wọ́n ní ìyálé ìyá mi ló fọ́ ọ lójú, ogún ọdún ó lé ni ìyá mi àti ìyálé rẹ̀ kò fi kí ara wọn.

Nítorí náà, bí awò kò bá ran ọmọkùnrin yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe ra òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ́tínà rẹ̀, kí ẹ sì béèrè nípa àwọn ọkùnrin ìdílé ìyá rẹ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ pé kò gbọdọ̀ gbá a létí tàbí lórí, nítorí pé ìgbátí kan lè mú kí awọ náà ṣí kúrò pátápátá. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti bọ́ọ̀lù fífi orí gbá kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá ní òun ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì, tàbí nǹkan dúdú tó ń léfòó, tàbí bíi pé aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má kán omi ewé sí i lójú, ẹ má sì kán ìtọ̀. Oògùn kíkán dorzolamide máa ń dín omi tó wà láàárín àwọn ìpele náà kù lójú àwọn kan; lójú ọmọ mi, àwòrán dára sí i díẹ̀, ìríran kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fọ́jú pátápátá. Iwájú ni tèmi ń jókòó, a sì máa ń fi fóònù ya pátákó kí ó lè fẹ̀ ẹ́.

Mo mú ìwé dókítà lọ bá ìyálé ìyá mi ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ìyá mi ti di olóògbé, mo sì kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n tún ibi tó sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá kà. Mo tún un kà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá ọmọ náà ti ń rí pátákó báyìí.