Àlọ́ Ìgbákọ

Lálẹ́ òní, nígbà tí wọ́n mú iná lọ, mo kó àwọn ọmọ àbúrò mi jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti pa àlọ́ fún wọn. Ìyá wọn ti kọ́kọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa èyí tó ń bani lẹ́rù. Àbíkẹ́yìn ò lè dá dìde lálẹ́ lọ tọ̀." Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo gbà pé àlọ́ wà fún.

Àlọ́ àpamọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Wọ́n pariwo pé "Ẹ̀wà!" kí n tó parí ẹ̀.

Ni mo bá mú ti ìgbákọ. Ọmọ òrukàn ń fọ abọ́ létí odò, omi gbé ìgbákọ lọ, orogún ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ wálé láìmú un bọ̀. Ó ń tẹ̀ lé odò lọ títí ó fi wọ inú igbó kìjikìji. Ó bá ìyá arúgbó kan níbẹ̀, egbò bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá náà ní, "Wá wẹ ẹ̀yìn mi."

Àbíkẹ́yìn ti di ìró mi mú, ó wé e mọ́ ọwọ́ bí ẹni ń lọ aṣọ. Ibẹ̀ ni mo gbé orin:

"Ìgbákọ mi dà o?"
"Ó ń bá omi lọ!"

Ohùn rẹ̀ ló ròkè jù. Ẹni tó bá mọ àlọ́ àpagbè mọ̀ pé ibi tí ẹ̀rù bá ti ga ni orin sábà máa ń bọ́ sí. Ẹnu ọmọ kì í dákẹ́ níwájú iwin. Gbogbo ilé ló ń bá a gbè é. Àwọn tó dá àlọ́ sílẹ̀ mọ ọmọdé dáadáa.

"Ṣé egbò yẹn ń rùn, mà?"
"Ó ń rùn."
"Ó wá wẹ̀ ẹ́?"
"Ó wẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní."

Àbíkẹ́yìn ronú sí i fúngbà díẹ̀, ó ní kí n máa bá a lọ. Ọmọ òrukàn náà gba ìgbákọ rẹ̀, lójú ọ̀nà, ó fi àwọn igbá tó ń ké "Mú mi! Mú mi!" sílẹ̀, ó mú èyí tó dákẹ́, ọrọ̀ ló sì bá nínú ẹ̀.

Àbúrò mi ní tí mo bá tún máa pa á, kí n yọ egbò kúrò. Mo ní rárá. Tá a bá yọ egbò, kí lọmọ òrukàn ṣe tí ọrọ̀ fi tọ́ sí i? Lọ́la, ti Olúrónbí ló kàn, màá sì fi Ìrókò síbẹ̀ tòun ti ẹ̀rù rẹ̀.