Kí n pààrọ̀ katakata àtijọ́ mi àbí kí n máa lò ó lọ: Ohio níbí, Ìsánlú nílé

Ẹ̀yin ará Yàgbà àti gbogbo Okun lápapọ̀, okun o. Katakata tí mo ń lò lórí éékà 6 tá a ní lẹ́yìn ìlú ní Ohio níbí, Kubota B7100 ni, ọ̀kan nínú àwọn kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1976, ẹ́ńjìnì dísù sílíńdà 3, agbára ẹṣin (horsepower) 16 péré, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni, gíà ni, kílọ́ọ̀ṣì ni, ó parí. Ó dàgbà ju ìyàwó mi lọ, ìyàwó mi náà sì ni aṣáájú àwọn tó ń sọ pé kí n lọ gba tuntun. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tì í lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsánlú, ìlú wa ní Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, náà gbọ́, lòun bá pè mí pé ọ̀rọ̀ ìyàwó mi dáa, kí n gba tuntun kíá, kí n wá fi àtijọ́ yẹn ránṣẹ́ sóun. Ìdí tó mú mi fi ilé àti ibí wé ara wọn nìyẹn, torí mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lápá méjèèjì ṣùgbọ́n ìdáhùn ẹ̀ ò lè jọra.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ibí. Tẹ́ ẹ bá wọ ilé ìtajà katakata ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó bi yín pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe, wọ́n á ti bi yín pé èló lẹ lè máa san lóṣù. Kékeré tuntun tó ní garawa ìkólẹ̀ níwájú, á lé ní $20,000. Wọn ò ní ní kẹ́ ẹ kó o wá lẹ́ẹ̀kan náà o, oṣù 84 ni wọ́n máa ń pín in sí, wọ́n á ní kò sí èlé rárá. Ká ní $21,000 ni, $250 lóṣù nìyẹn fún ọdún 7. Ohun tí wọn kì í tètè là yé èèyàn ni pé ẹni tó bá kó owó ẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń rí ẹ̀dínwó tí ẹni tó gba àwìn ọdún 7 ò ní rí, èlé ọ̀hún wà ńbẹ̀, wọ́n kàn daṣọ bò ó ni. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ $21,000 sí náírà, ká ní dọ́là jẹ́ ₦1,500, mílíọ̀nù 31 àti ààbọ̀ ni. Ẹ lọ sọ fún bàbá kan ní Ìsánlú pé ẹ fẹ́ jẹ gbèsè irú owó yẹn fún ọdún 7 torí àtigé koríko, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jókòó, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí yín.

Torí ká sòótọ́, koríko ni mo ń gé jù. Mo máa ń fi túlẹ̀ ewébẹ̀ díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, mo ń fi tún òkúta wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà ilé ṣe, tí yìnyín bá sì ti bẹ̀rẹ̀ mo ń fi tì í kúrò kí n lè ráàyè gbé mọ́tò jáde lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ yìnyín yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ ìyàwó mi máa ń wọ̀ mí létí, torí dísù máa ń dì nínú òtútù, ẹ máa ní láti ra èyí tí wọ́n pò fún òtútù, kẹ́ ẹ so wáyà iná tó ń mú ẹ́ńjìnì gbóná mọ́ ọn lálẹ́, kẹ́ ẹ wá jókòó gbalasa síta pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń gé èèyàn létí, nígbà tí aládùúgbò mi jókòó sínú ilé gíláàsì katakata tiẹ̀ tó ní híítà, tó ń mu kọfí. Mo rí i. Ó ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni yìnyín gidi ń bọ́ lọ́dún tí màá torí ẹ̀ jẹ gbèsè ọdún 7?

Nǹkan míì wà tí ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun níbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Òfin èéfín Amẹ́ríkà le gan-an fún ẹ́ńjìnì dísù tí agbára ẹ̀ bá ti tó ẹṣin 25, láti 2013 ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ìwọ̀n àwọn kékeré yìí, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí katakata tuntun púpọ̀ tí wọ́n kọ 24.8 sí lára, Kubota L2501 jẹ́ ọ̀kan, kì í ṣe pé wọn ò lè fi díẹ̀ kún un, wọ́n ń sá fún òfin ni. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi L3301, ó ní ohun tó ń sẹ́ èéfín nínú sàlẹ́ńsà, tí ìdọ̀tí bá ti kún inú ẹ̀ á fúnra ẹ̀ gbóná gidigidi láti jó o dànù, ẹ ò sì gbọdọ̀ kàn pa ẹ́ńjìnì ní àárín iṣẹ́ yẹn. Dísù tó mọ́ nìkan ni irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ń mu, èyí tí imí-ọjọ́ inú ẹ̀ ò ju 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ̀yin náà mọ irú dísù tá à ń rà nínú jálá nílé. Torí náà, ẹni tó bá ń rò pé òun á ra tuntun lónìí, òun á lò ó ọdún mẹ́wàá, òun á wá kó o lọ sílé fi dáko nígbà tóun bá fẹ̀yìn tì, kó yáa tún un rò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká relé.

Ní Ìsánlú, katakata kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní Massey Ferguson 240, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, gbogbo àdúgbò ló ni ín. Ìyá kan á wá láàárọ̀ kùtùkùtù, á ní "ọmọ mi, bá mi tú éékà kan péré, màá sanwó tí mo bá ta gààrí", ọ̀gá ṣọ́ọ̀ṣì á wá, ẹni tó bá wọn sin òkú bàbá wa á wá, kò sì sí èyí tó ṣeé lé padà nínú wọn. Àwọn tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ á máa dúró títí. Dírẹ́bà náà ní tiẹ̀, ẹ ò lè kúrò lẹ́yìn ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá kúrò á bá ẹlòmíì tú éékà méjì sápò ara ẹ̀, dísù yín ló máa fi ṣe é. Dísù ọ̀hún sì ti kọjá ₦1,000 lítà kan tipẹ́. Níbí ńkọ́, gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà wa ló ní katakata tiẹ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn ń sùn sínú ahéré láti òpin ọ̀sẹ̀ kan dé èkejì. Mi ò tíì rí ẹni tó wá yá tèmi rí, bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ yá a, ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ò ní jẹ́ kí n gbà. Ibi tí mo ti rò ó ni pé katakata kan nílé ń ṣe iṣẹ́ tó ju ti ogún lọ níbí, ó kàn jẹ́ pé owó ẹ̀ kì í wọlé tán ni.

Iṣẹ́ ọ̀hún náà yàtọ̀. Ilẹ̀ wa nílé, ẹni tó bá mọ Yàgbà mọ̀ pé òkúta pọ̀ ńbẹ̀, kùkùté igi emi (igi òrí) àti igi igbá wà káàkiri, ẹ lè má rí i nínú koríko àfìgbà tí púláò bá gbá a. Ebè iṣu sì tún wà, ìyẹn ò tíì kúrò lọ́wọ́ ọkọ́, lébìrà ni wọ́n ń gbà fún un, iye igba ebè tí lébìrà bá kọ ni wọ́n ń ka owó sí. Ohun tí katakata ń ṣe jù ni kó túlẹ̀ fún pákí, àgbàdo àti sóyà, kó sì tún fi tírélà kó ẹrù dé ojú títì. Iṣẹ́ ẹṣin 50 nìyẹn. Tí mo bá gbé B7100 ẹṣin 16 lọ síbẹ̀, kùkùté kan ṣoṣo á ṣẹ́ ẹ lápá. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kékeré náà lè gé koríko abẹ́ kaṣú. Òótọ́ ni, ó lè ṣe ìyẹn dáadáa, ẹni tó bá ní oko kaṣú ńlá tó fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà jó o, kékeré yìí á wúlò fún un. Àmọ́ ta ló máa tún un ṣe?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnì Perkins sílíńdà 3 tó wà nínú 240, irú ẹ̀ náà ló wà nínú Massey Ferguson 135 tí wọ́n ṣe láti 1964 sí 1975, Pakistan ṣì ń ṣe 240 dòní, torí náà páàtì ẹ̀ wà káàkiri, ayédèrú wà, tòkunbọ̀ wà, ojúlówó náà wà fún ẹni tó bá lówó. Mẹkáníìkì tó ń tún ti ẹ̀gbọ́n ṣe ò kàwé púpọ̀, á kàn fi etí sí i, á ní nọ́sù kejì (ẹnu tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnì) ni, tẹ́ ẹ bá tú u, nọ́sù kejì ni lóòótọ́. Tí ohun kan bá ṣẹ́ tí kò sí lọ́jà, wọ́n á gbé e lọ sí Ìlọrin, àwọn tó ń gbẹ́ irin á gbẹ́ irú ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni ọ̀nà, láti Ìsánlú gba Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Omù-Àrán kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fi ayọ̀ rìn, àti ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé, tó jẹ́ pé tí páàtì kan bá bàjẹ́ lọ́sàn-án ẹ máa dúró di àárọ̀ ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó lè lọ, òjò ò sì ní dúró dè yín. Kubota àtijọ́ láti Japan ò sí lọ́wọ́ mẹkáníìkì yẹn. Ohun kan ṣoṣo tó bára mu láàárín méjèèjì ni apá mẹ́ta ẹ̀yìn tí wọ́n ń so irinṣẹ́ mọ́, èyí tí Harry Ferguson dá sílẹ̀ tí gbogbo ayé wá ń lò, àti ọ̀pá tó ń yí ẹ̀rọ ẹ̀yìn ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Irinṣẹ́ lè lọ láti ọ̀kan sí èkejì, tí ìwọ̀n ìkọ́ bá ti bá a mu.

Níbí, èmi ni mẹkáníìkì ara mi. Owó wákàtí kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mi ò fẹ́ sọ ọ́ kí ìyàwó mi má baà rí i. Mo máa ń wo fídíò, mo máa ń bèèrè páàtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń tú u fúnra mi ní Sátidé. Ti àtijọ́ ló gbà mí láàyè bẹ́ẹ̀. Àwọn tuntun ńlá tí sẹ́ńsọ̀ kún inú ẹ̀, àgbẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra wọn ti pariwo lórí ẹ̀ títí ti Colorado fi ṣòfin ní 2023 pé kí ilé iṣẹ́ máa fún àgbẹ̀ ní irinṣẹ́ àti ìwé tí wọ́n fi lè tún nǹkan wọn ṣe, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ okòwò ní ìjọba àpapọ̀ níbí sì gbé John Deere, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe katakata, lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Ẹ wá ro ó, tí àgbẹ̀ tó wà nílùú tí wọ́n ti ṣe é bá ń sunkún, ta ló máa gbé láptọ́ọ̀pù wá sí Ìsánlú wá yẹ tiwa wò? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó katakata 2,000 láti Belarus jáde l'Abuja ní oṣù kẹfà 2025, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n sọ ni pé páàtì ẹ̀ dà? Mo gba tiẹ̀.

Ibì kan wà tí mi ò ní gbèjà àtijọ́ o. Irin ààbò tó ń ga lẹ́yìn ìjókòó, tí katakata bá dojú dé tó máa gbé e dúró kó má tẹ èèyàn pa, tèmi ò ní in nígbà tí mo rà á. Láti 1976 ni òfin níbí ti ní kí agbanisíṣẹ́ lóko ní in lára katakata tuntun tó ju ẹṣin 20 lọ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa tara ẹ̀ ò sí lábẹ́ òfin yẹn. Nílé wọ́n máa ń gé e kúrò torí pé ẹ̀ka igi ń kọ́ ọ, wọ́n tún máa ń gbé ọmọdé jókòó sórí ìbòrí táyà. Mi ò fara mọ́ èyí rárá, bí ẹ̀gbọ́n bá ka ibí yìí kí wọ́n bínú. Ká ní ilẹ̀ mi ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ọjọ́ tí mo rà á ni mi ò bá ti tà á.

Torí náà mo ti pinnu. Mo máa lo àtijọ́ lọ. Táyà iwájú méjì, rọ́bà tí òróró ń gba ibẹ̀ jò lẹ́yìn, bátìrì, pẹ̀lú irin ààbò tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀ gan-an àti bẹ́líìtì ìjókòó, gbogbo ẹ̀ pọ̀ ò tó owó oṣù mẹ́wàá lára gbèsè tí wọ́n fẹ́ kí n jẹ. Tí ẹ̀yìn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí jù, tàbí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù tí garawa ń fẹ́ agbára fún, màá tún un rò, màá sì wá èyí tí kò tó ẹṣin 25. Mo tún sọ fún ìyàwó mi pé màá ra aṣọ òtútù tó nípọn, kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ò rí Kubota gbà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi owó pọ́ọ̀ǹpù òróró tó ń gbé púláò sókè ṣe dípò ẹ̀, torí 240 yẹn kì í gbé púláò dáadáa mọ́ tó bá ti gbóná, wọ́n ti ń fi igi tì í láti ọdún tó kọjá. Wọ́n gbà. Mo ti ní kí mẹkáníìkì ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára pọ́ọ̀ǹpù náà ránṣẹ́ kí n tó ra ohunkóhun, ẹnì kan láti Mọ̀pà tó ń lọ sílé ní Kérésì ti ní òun á bá mi gbé e, bí kò bá ṣáà ti wúwo jù fún báàgì òun.