Ta Ló Rí I Pé O Ṣe É Dáadáa? Iṣẹ́ Ní Ẹ̀pẹ́ Àti Iṣẹ́ Ní Hull

Tí ẹ bá bi ìyá mi bóyá òwò ẹja tó ń ṣe ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ dùn mọ́ ọn, kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ fún yín. Á sọ fún yín pé oníbàárà òun kan ń wọkọ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, pé obìnrin náà kì í ra àrọ̀ yíyan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, pé tí òun kò bá sí lọ́jà, ńṣe ló máa padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Lójú tirẹ̀, ó ti dáhùn nìyẹn.

Ní Hull tí mo wà báyìí, ìlú etí omi ní ìlà-oòrùn Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí lemọ́lemọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe. Wọ́n á bi ọ́ nípàdé, wọ́n á tún fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí o fi nọ́ńbà sọ bí inú rẹ ṣe dùn sí iṣẹ́ tó. Mo ti fi ìdáhùn ìyá mi wé fọ́ọ̀mù yẹn títí, ibi tí mo sì dúró sí nìyí: iṣẹ́ máa ń dùn níbi tí wọ́n bá ti fún ọ láyè láti ṣe é bó ṣe yẹ, tí ẹni tó mojú iṣẹ́ náà sì rí i pé o ṣe é. Owó oṣù, ìsinmi àti ààbò ló ń jẹ́ kí ara lè gbé e. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ilé máa ń fẹ́ fi ti àkọ́kọ́ san gbèsè ti èkejì, òkè òkun sì máa ń fẹ́ fi ti èkejì dí wa lẹ́nu lórí ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyá mi ṣe ń yan àrọ̀. Á fi iyọ̀ fọ ẹja náà títí ara rẹ̀ kò fi ní yọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Á ká a, á ki ìrù rẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀, á fi ìgbálẹ̀ gún un kó má bàa tú. Á tò wọ́n sórí wáyà, iná igi á wà lábẹ́, èéfín ló sì ń fẹ́ jù, kì í ṣe ọwọ́ iná. Ẹni tó bá ń kánjú á koná mọ́ ọn, ẹ̀yìn ẹja á dúdú, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, kò sì ní pẹ́ tó fi máa kó ìdin. Ìyá mi kì í kánjú. Lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ló ń yí wọn padà, kò sì sí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀ tó ní kó yí wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Tó bá mú ọ̀kan, tó fi èékánná kàn án, tó sì dún bí igi gbígbẹ, ẹ máa rí ojú rẹ̀. Kò sí owó tó lè mú irú ojú yẹn wá.

Ṣùgbọ́n èéfín yẹn kan náà ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Tí ara rẹ̀ kò bá yá, kò sí ẹni tó máa sanwó ọjọ́ náà fún un. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023, tí jálá epo kúrò ní nǹkan tí kò tó igba náírà, tó fò sí nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì wá kọjá ẹgbẹ̀rún kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn apẹja tó ń lo ẹ́ńjìnnì kì í lè lọ jìnnà sórí ọ̀sà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn tún ń da omi rú. Ẹja tó ń wọlé ń dínkù, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n yan kò dínkù. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Tísà ni mo jẹ́ kí n tó kúrò nílé. Iléèwé aládàáni kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ látìgbà náà. Ọmọ tí kò lè dá lẹ́tà b mọ̀ yàtọ̀ sí d lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn á dìde, á ka ojú ewé kan láìdúró, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á pàtẹ́wọ́. Àmọ́ wọ́n ń jẹ wá lówó. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000 ní July 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwa tísà àti ọmọ ìṣọ̀ wà. Ọ̀gá wa mọ̀ pé mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn. Mo gbà lọ́kàn mi pé mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà lára ohun tó jẹ́ kó máa fi owó wa falẹ̀: ó mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá mọ́, máa wá. Nílé, ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ́ jẹ. Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ kékeré mọ̀ ọ́n, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ má bá mi sọ ọ́ pé owó kọ́ ló ń mú iṣẹ́ dùn. Ẹni tí wọn ò jẹ lówó oṣù rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní Hull, ọjọ́ tí wọ́n ní owó máa wọlé ló ń wọlé. Ìwé á bá a wá, owó orí á wà níbẹ̀, wákàtí tí o ṣe á wà níbẹ̀. Òfin fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ 28 lọ́dún, tí wọ́n á sì san owó rẹ̀. Tiwa ní Nàìjíríà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà péré ni òfin òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n fún ọ lẹ́yìn ọdún kan gbáko, ta ló sì ń fún wa ní mẹ́fà ọ̀hún? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba ìsinmi níbí, tí mo dùbúlẹ̀ tí owó ṣì wọlé, ṣe ni mo sunkún.

Fóònù wá ni ọ̀gá. Òun ló ń sọ ilé tí mo máa lọ, òun ni mo ń tẹ̀ tí mo bá dé, òun náà ni mo ń tẹ̀ tí mo bá ń jáde. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nílé kan, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílé mìíràn. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, mo gbọ́dọ̀ gbé bàbá kan dìde, kí n wẹ̀ ẹ́, kí n wọṣọ fún un, kí n fún un lóògùn, kí n po tíì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń ṣọ́ jù. Tí àgbàlagbà bá ń dùbúlẹ̀ pẹ́, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ di egbò: á pọ́n, á le, tí o bá sì fojú fò ó, láàárín ọjọ́ díẹ̀ awọ á ti ṣí. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ìka wo bó ṣe gbóná sí, màá fi ìpara pa yí i ká, màá fi ìrọ̀rí kékeré ti ẹsẹ̀ sókè kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì. Kò sí àyè fún un lórí fóònù. Ó ń gba ìṣẹ́jú tí wọn kò kà mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣe é dáadáa, mo máa ń pẹ́ dé ilé tó kàn, fóònù á sì máa pariwo. Ẹ wò ó, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ìwọ̀nba àyè tí wọ́n fún mi láti ṣe é ni kò dùn mọ́ mi.

Bàbá yẹn rí i. Apẹja ni lọ́jọ́ ayé rẹ̀, àwọn tó ń lọ títí dé omi Iceland. Wọ́n á lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí òkun, wọ́n á sì wà nílé fún bí ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n tó tún padà. Tí òtútù bá mú, yìnyín á bo ọkọ̀, wọ́n á máa fi àáké gé e kúrò kí ọkọ̀ má bàa wúwo kó dojú dé. Ní January àti February 1968, ọkọ̀ Hull mẹ́ta rì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ènìyàn 58 sì bá a lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ ní ẹni tó ń mójú tó rédíò. Obìnrin kan, Lillian Bilocca, tó ń bó awọ ẹja nílé ìtọ́jú ẹja, ló kó àwọn obìnrin àdúgbò Hessle Road jọ, wọ́n lọ bá àwọn mínísítà ní London, ìjọba sì gba ohun tí wọ́n béèrè fún ààbò àwọn apẹja. Wọ́n lé òun fúnra rẹ̀ kúrò níṣẹ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tó di 1976 tí Britain gbà fún Iceland lórí ààlà òkun rẹ̀, tí omi tí àwọn ọkọ̀ Hull ti ń pẹja sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ apẹja òkun jíjìn Hull wó lulẹ̀. Ìgbà tó di ọdún 2000 ni ìjọba tó gbà láti sanwó gbà-má-bìínú fún àwọn apẹja náà.

Síbẹ̀, bàbá yìí sọ fún mi pé kò sí iṣẹ́ tó dùn tó iṣẹ́ ọkọ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló mọ ẹni tó mọṣẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni pé ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí kó wá sọ pé ewu ló mú iṣẹ́ náà dùn. Ẹni tó ń mójú tó rédíò tí àwọn obìnrin yẹn jà fún kò ba adùn iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wa máa ń sọ pé ẹ̀wù ìdóòlà, èyí tí LASWA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀nà omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó, sọ di dandan, ń dí àwọn lọ́wọ́. Kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Apẹja tó bá padà sílé láàyè ló máa rí ọ̀la pẹja.

Ohun tó tún ń gba adùn iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ níbí ni ìwé. Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ náà ló ṣe onígbọ̀wọ́ físà mi. Tí ó bá yọwọ́, nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba máa ń fún ènìyàn láti fi wá onígbọ̀wọ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó di ẹrù rẹ̀. Ta ló máa jókòó síwájú máníjà, kó sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tó láti wẹ ènìyàn? Àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ ọ́ sókè, àwa ń sọ ọ́ nínú mọ́tò. Láti March 2024 ni wọ́n sì ti ní kí òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun má kó ẹbí wọlé mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ọmọ mi wà. Tí mo bá ń wẹ ìyá oníyàá, mo máa ń rántí ẹni tó ń wẹ ọmọ mi.

Àbúrò mi kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn létí ọ̀sà, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ní báyìí, bọ́ọ̀sì àárọ̀ kùtùkùtù ló ń gbé e lọ sí ọ̀nà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pọ̀ sí, ó ń ṣọ́ géètì. Ó ní owó náà ń wọlé lóṣooṣù, mi ò sì lè bá a wí, torí mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, etí omi lẹ ti máa bá a, ó ń dí ihò ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ó bi mí bóyá kí òun tẹ̀ lé mi wá, pé ẹnì kan ní Ìkòròdú ní kí òun mú owó wá fún ìwé onígbọ̀wọ́. Mo sọ fún un pé láti July 2025, ìjọba Britain ti dẹ́kun gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun, pé títà ni wọn kì í ta ìwé yẹn, olè sì ni ẹni náà. Mo ní kó fi owó ọ̀hún ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó, kó gba ọkọ̀ kan, kó kàn án délẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ géètì, kó wò ó bóyá owó rẹ̀ á tó jẹun. Ó béèrè pé ti iná ńkọ́. Mo ní kó wá èyí tó ń lo bátìrì, mo sì máa fi owó bátìrì kejì ránṣẹ́.